Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àti àwọn ohun tí a ń so mọ́ ọn: èwo ni kí n kọ́kọ́ kì bọ iná?

Oníṣọ́ọ̀bù Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí a ó ti máa tẹ lẹ́tà, tí a ó sì máa bá àwọn ọmọ ilé-ìwé tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: CPU tòkunbọ̀ kan (àpótí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀), mọ́nítọ̀ íǹṣì 19, kíbọ́ọ̀dù oníwáyà, máòsì aláìníwáyà, púríńtà lésà tòkunbọ̀, sikánà pẹlẹbẹ, sípíkà kékeré méjì, UPS 650VA (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ) àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. N kò tíì kì ọ̀kankan nínú wọn bọ iná. Windows 11 ni ẹni tó tà á sọ pé ó wà lórí CPU. Èwo ló yẹ kí n kọ́kọ́ so, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún? Mo máa ń tẹ Yorùbá náà, mo fẹ́ kí àmì ohùn jókòó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹlẹ́tíríkì Òkè-Bàálẹ̀

Àǹtí, ẹ kú ìmúra. Ó dáa bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò tíì kì wọ́n bọ iná. Iná ló ń pa ẹ̀rọ tòkunbọ̀ jù, kì í ṣe pé ẹnì kan so wáyà mọ́ ibi tí kò yẹ. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sójú, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí ẹ bá rí 100–240V, 50/60Hz, ó lè jẹ iná wa. 220–240V náà dáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 110–127V nìkan ló wà níbẹ̀, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, 230 fólítì tiwa á jó o lójú ẹsẹ̀. Púríńtà lésà ni kí ẹ wò dáadáa jù lọ, torí irin tó ń gbóná nínú rẹ̀ kì í gba ju irú fólítì kan lọ. Bí ó bá jẹ́ oní-110, ẹ ra tìránsífọ́mà step-down, èyí tó ń sọ 230 fólítì di 110, kí ẹ má sì ra 500 wáàtì nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Lésà lè jẹ 300 wáàtì tàbí 400 nígbà tó ń tẹ̀wé, àmọ́ bí irin yẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, ó lè fa 1000 wáàtì lẹ́ẹ̀kan. 2000 wáàtì ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì kọ 110 gàdàgbà sí ara pọ́lọ́ọ̀gì púríńtà náà, kí ọmọ iṣẹ́ má baà gbé e bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri.

Lẹ́yìn CPU, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà iná ń wọ̀, ẹ wò bóyá bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Kì í ṣe gbogbo CPU ló ní in. Bí 115 bá hàn, ẹ fi orí síkírù fà á sí 230 kí wáyà iná tó wọlé rárá. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, á dún gbàù, èéfín á yọ, ó di kí a ra power supply tuntun.

UPS: ẹ fi sínú iná fún wákàtí 8 kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. 650VA kì í ṣe 650 wáàtì o. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi 360 wáàtì lọ. CPU àti mọ́nítọ̀ nìkan ni kó gbé. Púríńtà lésà kò gbọ́dọ̀ wọ UPS láéláé, kódà kó jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí iná bá lọ, ẹ má retí kí UPS yẹn gbé yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí ẹ fi tọ́jú iṣẹ́ tó wà lójú, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ṣe ṣe é.

Jẹnẹrétọ̀: ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó gbé iná rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ má sì jẹ́ kí epo tán mọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́, torí bí epo bá ń tán lọ, iná á máa lọ sókè sódò. Tí UPS bá ń dún kà-kà-kà tí kò fẹ́ gba iná jẹnẹrétọ̀, UPS kò bàjẹ́, iná yẹn ni kò dúró lójú kan. Sítébíláísà lè tún fólítì ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jù tàbí tó ń falẹ̀, mẹkáníìkì ni yóò yí gọ́fánọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan ṣì kù. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ara irin CPU tí ó ń ta yín lọ́wọ́ wìnrìnwìnrìn, ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì kò kan ilẹ̀ nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ pé wọ́n kàn fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀ láìso wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́tíríkì gún irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ẹ má gbójú fò ó, torí ara yín àti ara oníbàárà wà níbẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wo gbogbo wọn. Púríńtà: 220–240V. Mọ́nítọ̀: 100–240V. Bọ́tìnnì pupa wà lẹ́yìn CPU, 115 ló sì wà! Mo ti fà á sí 230. UPS ti wà nínú iná. Kí ló kàn?

Kọ̀ǹpútà Ọlá-Ìyá

Àǹtí, ẹ kú oríire bọ́tìnnì yẹn.

Ẹ má so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. CPU, mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí Windows bá jáde, ẹ fi máòsì kún un. Lẹ́yìn rẹ̀ sípíkà, lẹ́yìn rẹ̀ púríńtà, kí sikánà gbẹ̀yìn. Bí nǹkan bá wá yí padà lójijì, èyí tí ẹ so kẹ́yìn ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Wáyà mọ́nítọ̀ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ búlúù ni VGA. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ 15 ló wà nínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, apá kan fẹ̀ ju ìkejì lọ, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò bóyá irin kan ti tẹ̀. Ẹ lè fi ẹnu bírò tí ẹ ti yọ ìńkì rẹ̀ tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Irin kan tó tẹ̀ lè mú kí gbogbo ojú mọ́nítọ̀ di yẹ́lò tàbí píńkì. Bí ẹ bá rí i pé irin kẹsàn-án kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ má jáyà, ọ̀pọ̀ wáyà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ẹ yí síkírù méjèèjì dé ìdí, torí VGA tó ń mì ló máa ń mú kí ojú mọ́nítọ̀ máa ṣẹ́jú.

Ẹ wo ẹ̀yìn CPU dáadáa. Nígbà mìíràn ibi méjì ni a lè so mọ́nítọ̀ mọ́: ọ̀kan lókè láàárín àwọn ihò USB, ìkejì nísàlẹ̀ tó dùbúlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ yẹn jẹ́ ti káàdì àwòrán, òun ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá so ó mọ́ ti òkè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mọ́nítọ̀ á kàn máa kọ No Signal, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan kò ṣe CPU.

Bí ó bá ti tàn tí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ kedere, ẹ tẹ bọ́tìnnì máòsì apá ọ̀tún lórí ibi tó ṣófo, ẹ yan Display settings, kí ẹ mú èyí tó kọ Recommended. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 19 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba gíga àti fífẹ̀, 1280×1024 ni tirẹ̀. Èyí tó fẹ̀, 1440×900 ló wọ́pọ̀. Bí àwòrán bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bọ́tìnnì AUTO tó wà lára mọ́nítọ̀ á dá a padà.

Máòsì: ẹ ṣí inú rẹ̀, níbi tí bátìrì ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi USB kékeré rẹ̀ pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé máòsì bàjẹ́, tí USB yìí ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹ fi USB kékeré náà sínú ihò USB iwájú CPU, kó sún mọ́ ọwọ́ yín. Bí ihò dúdú àti búlúù bá wà, dúdú ni kí ẹ lò fún un. Búlúù jẹ́ USB 3.0, ariwo tó ń jáde lára rẹ̀ bá ìgbì 2.4GHz tí máòsì ń lò mu, pàápàá bí ẹ bá ki hard disk bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máòsì á máa fò, á máa dúró. Máòsì kò sì ní rìn dáadáa lórí tábìlì onígíláàsì. Ẹ tẹ́ bébà tàbí páàdì sábẹ́ rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Òkè-Fìà

Windows ti jáde! Àwòrán mọ́, máòsì ń rìn. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù ń ṣe mí bákan. Mo tẹ Shift àti 2 láti mú @ jáde, àmì " ló ń mú wá. @ wá wà níbi tí " yẹ kó wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Bàálẹ̀

Àǹtí, kíbọ́ọ̀dù kò bàjẹ́. Windows rò pé kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ti UK ni ẹ ń lò, ti Amẹ́ríkà sì ni ẹ ní. Settings, Time & language, Language & region, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta (...) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ English, Language options, Add a keyboard, kí ẹ yan US. Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ United Kingdom kúrò, kó má baà máa yí padà fúnra rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ti Jámánì wá, Y àti Z ló ń pààrọ̀ ààyè. Ti Faransé, A àti Q. Ibi kan náà ni a ti ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Bí nọ́ńbà apá ọ̀tún kò bá tẹ̀, ẹ tẹ Num Lock lẹ́ẹ̀kan.

Olùkọ́ Èdè, Ògo-Olúwa

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Yorùbá síbí, torí ó ń dùn mí láti máa rí ìwé ìkésíni tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì kan ṣoṣo lórí orúkọ ìyàwó.

Ní ibi tí àbúrò wa júwe yẹn náà, ẹ tẹ Add a language, kí ẹ wá Yoruba. Bí ó bá ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ Windows àti spacebar papọ̀ ni ẹ ó fi máa yí láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá.

Ẹni tí kò fẹ́ yí kíbọ́ọ̀dù lè lo ọ̀nà kejì nínú Word. Ẹ tẹ 1EB9, ẹ di Alt mú kí ẹ tẹ X, lẹ́tà ẹ á jáde. 1ECD jẹ́ ọ, 1E63 jẹ́ ṣ. Ti lẹ́tà ńlá: 1EB8, 1ECC, 1E62. Fún ohùn òkè, ẹ tẹ lẹ́tà náà tán, ẹ tẹ 0301 mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀, lẹ́yìn náà Alt àti X; 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Ibi tó máa ń daamú ènìyàn: bí lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà bá jẹ́ a, b, d, e tàbí f, Word á kà á mọ́ nọ́ńbà náà, ohun mìíràn pátápátá á sì jáde. Ẹ fi máòsì yan mẹ́rin yẹn nìkan kí ẹ tó tẹ Alt àti X.

Bí àmì bá sá kúrò lórí ọ́ tàbí ẹ̀ tó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, fọ́ǹtì, ìyẹn irú àwòṣe lẹ́tà tí ẹ ń lò, ni kò gbé e. Charis SIL gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ níbòmíràn, PDF ni kí ẹ fi pamọ́, kí fọ́ǹtì lè bá a lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù Òkè-Fìà

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ ṣé o. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Púríńtà ló kàn. Ṣé kí n kàn so ó mọ́ CPU?

Kọ̀ǹpútà Ọlá-Ìyá

Ẹ so ó, ẹ tan án, kí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà. Windows 11 á wá driver rẹ̀ (sọ́fútúwià tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti púríńtà gbọ́ra wọn yé) fúnra rẹ̀.

Atẹ̀wé Alékúwodò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ó dáa fún púríńtà tuntun, àmọ́ tòkunbọ̀ lésà ni Àǹtí ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wáyà bá ṣáájú driver, Windows á fi driver tí kò bá a mu sí i. Á máa tẹ àwọn àmì tí kò nítumọ̀, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn títí bébà á fi tán. Àǹtí, driver ni kó ṣáájú. Ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níwájú púríńtà, kí ẹ lọ sí ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, ẹ tẹ nọ́ńbà náà, ẹ gba driver ti Windows yín. Àwọn ojúlé tó ń sọ pé àwọn á bá yín tún gbogbo driver ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sún mọ́ wọn. Bí driver bá ti ń wọlé, òun fúnra rẹ̀ á sọ ìgbà tí ẹ ó so wáyà. Wáyà USB tó ní ẹnu onígun mẹ́rin ló ń lò, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 5 lọ.

Kí ẹ tó tan án, ẹ ṣí i. Ẹ yọ gbogbo téèpù ọsàn tàbí búlúù tí wọ́n fi so inú rẹ̀. Bí tónà (àpótí ìńkì oníyẹ̀fun púríńtà) bá jẹ́ tuntun, etí rọ́bà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ fà á yọ tán pátápátá, gígùn rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ kò bá fà á, funfun báláú ni ìwé á máa jáde. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú tónà, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì bíi ìgbà márùn-ún, kí ẹ tó kì í bọlé. Ẹ má fọwọ́ kan rólà àwọ̀ ewé tàbí búlúù tó ń dán, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn, torí ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́.

Bébà A4, gíráàmù 80. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́tí kí ó tú ká kí ẹ tó tò ó, kí ẹ sì sún irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí yóò fi kan bébà láìfún un. Nígbà òjò, bébà tó wà ní gbangba máa ń fa omi, á ká, á sì há. Ẹ máa dì í padà sínú ọ̀rá rẹ̀ ní alẹ́.

Ohun kan tó máa ń mú kí wọ́n gbé púríńtà tó dáa lọ fún oníṣẹ́: iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, bébà wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò tẹ̀. Bébà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Letter fẹ̀ ju A4 lọ, ó sì kúrú jù ú lọ: mílímítà 216 sí 279, nígbà tí A4 jẹ́ 210 sí 297. Bí púríńtà tàbí Word bá ṣì wà lórí Letter, á máa dúró de bébà tí ẹ kò ní. Ẹ yí i sí A4 ní ibi mẹ́ta: Printing preferences, Layout nínú Word, àti inú púríńtà fúnra rẹ̀ bí ó bá ní ojú kékeré.

Bí iṣẹ́ kan bá há sí ìlà tí kò fẹ́ parẹ́: ẹ pa púríńtà. Ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows àti R, ẹ kọ services.msc, ẹ wá Print Spooler, ẹ tẹ Stop. Ẹ ṣí C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, ẹ pa gbogbo fáìlì inú rẹ̀ rẹ́, fódà náà gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ padà lọ tẹ Start, kí ẹ tan púríńtà. Bí Windows bá sì ń sọ pé Offline, ẹ wò bóyá ẹ ti gbé wáyà lọ sí ihò USB mìíràn. Windows á ti dá púríńtà kejì sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí Copy 1, iṣẹ́ yín sì ń lọ sí ti àkọ́kọ́.

Bí bébà bá há sínú, ẹ dúró kí ó tutù ná. Irin ìdáná rẹ̀ ń gbóná tó nǹkan bíi 200°C. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á sí ọ̀nà tí bébà ń gbà lọ. Bí tónà bá dà sára aṣọ, omi tútù ni ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn títí láé.

Ẹlẹ́tíríkì Òkè-Bàálẹ̀

Mo fara mọ́ ti driver yẹn. Kí n fi èyí kún un: bí òjò bá ṣú, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí ẹ sì yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn CPU bí ó bá wà. Pípa swíìṣì nìkan kò dá àrá dúró, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

Oníṣọ́ọ̀bù Òkè-Fìà

Ìwé àkọ́kọ́ ti jáde, A4, ó dúdú dáadáa! Letter ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ó ku ohun méjì. Sípíkà kò dún. Sikánà náà ń pariwo gìrì-gìrì nígbà tí mo tan án, mo tètè pa á.

Kọ̀ǹpútà Ọlá-Ìyá

Sípíkà: ihò àwọ̀ ewé lẹ́yìn CPU ni, kì í ṣe píńkì, píńkì jẹ́ ti máìkì. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ tẹ àwòrán sípíkà nísàlẹ̀ apá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan Speakers. Bí ẹ bá fi HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, so mọ́nítọ̀ lọ́jọ́ iwájú, Windows lè gbé ohùn lọ sínú mọ́nítọ̀ tí kò ní sípíkà. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti dá a padà.

Atẹ̀wé Alékúwodò

Ẹ ṣeun tí ẹ tètè pa sikánà yẹn. Ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: àwòrán àgádágodo wà níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì kan. Wọ́n tì í pa nítorí ìrìnàjò, kí ọ̀pá iná inú rẹ̀ má baà máa lọ bọ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ lórí ibi tó tẹ́jú, ẹ fà á sí àgádágodo tó ṣí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan án. Ìgbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn, ẹ tì í padà.

Fún sọ́fútúwià, NAPS2 ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń so ojú ìwé púpọ̀ pọ̀ di PDF kan ṣoṣo. 300 dpi (iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan) fún ìwé ẹ̀rí, 200 dpi bí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí fáìlì kò gbọdọ̀ tóbi. Ẹ má fi 600 dpi ṣe ìwé lásán, á pẹ́, fáìlì á sì wúwo. Aṣọ rírọ̀ tó ní omi díẹ̀ ni kí ẹ fi nu gíláàsì rẹ̀. Ẹ má fọ́n omi lé e lórí tààrà, á gba etí wọ inú, kò sì rọrùn láti ṣí i.